Ogun Àgbáyé Kejì Nínú Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọdé: Àpẹẹrẹ Ọmọ Èmùrè-Ilé Kan

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ ọmọdé Yorùbá ní ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945). Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Hitler, tí a wá dárúkọ ọmọ ogun Áfíríkà ní ìparí, ọmọ náà yóò rò pé ogun àjèjì ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jọ òun ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ó wà lára nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Éṣíà. Ní oṣù kẹta 1944, ọmọ ogun Jàpáànù kọlu ẹgbẹ́ ìṣègùn rẹ̀ ní àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Bọ́mà, ìbọn sì bà á lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, nìkan ni ẹ̀mí wọn kò bọ́ nínú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n kù síbẹ̀. Mùsùlùmí ará abúlé kan, Shuyiman, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Níkẹyìn, ó fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀ títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù kejìlá. Bí àṣírí bá tú, ikú ni.

Ìbéèrè méjì ni ìtàn yìí gbé síwájú ọmọdé. Kí ni ó gbé ọmọ tí ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ àjèjì lọ jagun fún àjèjì náà? Kí ni ó sì mú kí àlejò di ẹni tí a ń kú fún? Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe sọ ogun di eré. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, orúkọ tí ó ju 26,000 lọ ni a kọ fún àwọn tí a kò mọ sàréè wọn, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn.

Láàrin 2009 sí 2018, ìtàn kì í ṣe iṣẹ́ àdádúró ní ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2012, láàrin àkókò náà, ni Fadoyebo kú. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀ jáde ní 1999. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ ọ́ di àrọ́bá ní kíláàsì.