Irinṣẹ́ Títú àti Dídè Wíìlì Oníwáyà Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Wíìlì oníwáyà ni wíìlì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ so àárín rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́: MG, Triumph, Austin-Healey, Jaguar E-Type. Bí fọ́kánáísà tó mọ ọkọ̀ òde òní nìkan bá pàdé rẹ̀, sípánà ọwọ́ rẹ̀ kò ní rí ibi mú, torí kò sí nọ́ọ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló wà láàárín, ó sì sábà máa ń ní apá méjì tàbí mẹ́ta tó yọ síta, èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù kó lè yí. Òòlù yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ìtàn nọ́ọ̀tì yìí wò, tí a sì wo ohun tí òòlù ń ṣe sí i, a ó rí i pé irinṣẹ́ ẹni tó ń kánjú ni òòlù jẹ́. Ẹni tí kò kánjú ní irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ.

Eré ìje ló sọ nọ́ọ̀tì yìí di olókìkí. Rudge-Whitworth, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní ìlú Coventry, ló gbé irú wíìlì tó ṣeé yọ kíákíá yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1908, láti ọwọ́ John Pugh. Ṣáájú ìgbà tí irú èyí dé, bí táyà bá jò lójú ìje, ara ọkọ̀ níbẹ̀ ni awakọ̀ ti ń gé e kúrò, tí yóò sì máa fi ọwọ́ ki tuntun sí i. Wíìlì tó ṣeé yọ wá jẹ́ àǹfààní tó pọ̀ débi pé wọn kò gbà á láàyè nínú ìdíje Grand Prix ilẹ̀ Faransé ní Dieppe lọ́dún 1908, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Napier sì fi ìdíje náà sílẹ̀. Ní ìlú Milan, iléeṣẹ́ Borrani bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1922 pẹ̀lú àṣẹ Rudge-Whitworth. Níbi tí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti lè gba ipò kìíní lọ́wọ́ ènìyàn, kò sóhun tó yá ju kí a lu nọ́ọ̀tì kó fò yí lọ. Bí apá rẹ̀ bá tẹ̀ tàbí tó họ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ìdíje mìíràn tó dé. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò sí nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe agbára tí a fi lu nọ́ọ̀tì ló di wíìlì mú. Eyín wà lára họ́ọ̀bù, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tí wíìlì ń wọ̀, eyín wà nínú wíìlì, wọ́n sì máa ń wọnú ara wọn. Àwọn ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì àti ti bíréèkì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kó ti wíìlì mọ́ ibi dídà gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn, kí ojú dídà gẹ̀rẹ́ tirẹ̀ náà sì di wíìlì mú láti iwájú, kí ohunkóhun má mì. Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ń yí bíi ti nọ́ọ̀tì gbogbo, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń yí sí òdìkejì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń dè é, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, orí nọ́ọ̀tì ni yóò máa tì sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bó bá ń tú u, yóò tì í síwájú. Bí wíìlì ṣe ń yí lábẹ́ ẹrù ọkọ̀, nọ́ọ̀tì ń fẹ́ rọra yí sí òdìkejì, èyí sì ń mú un le sí i. Bí ẹni kan bá fi họ́ọ̀bù ọ̀tún sí òsì, nọ́ọ̀tì yóò máa tú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní, bí nọ́ọ̀tì bá lè de ara rẹ̀, kí ni à ń wá irinṣẹ́ pàtàkì fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tó ti jókòó dáadáa nìkan ni ọgbọ́n yẹn ń pa mọ́. Wíìlì tí wọn kò dè le tó yóò máa mì lórí họ́ọ̀bù, eyín á máa jẹ eyín, títí tí yóò fi máa dún gbà bí awakọ̀ bá tẹ iná tàbí tó tẹ bíréèkì. Ìgbà yẹn, àti wíìlì àti họ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ ń dúró de.

Òòlù kò rí bákan náà o. Ti irin gidi kò yẹ kó sún mọ́ ibẹ̀ rárá, torí á bó kírómù, á sì tẹ apá nọ́ọ̀tì. Ti rọ́bà ń ta padà ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Òjé rọ̀, ó sì wúwo ju bàbà lọ, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀; ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, gbogbo ìgbà tó bá sì balẹ̀ ló ń já wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rántí bí eruku òjé ṣe pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010 kò ní fi irú òòlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Òòlù tí ojú rẹ̀ kan jẹ́ bàbà, tí èkejì jẹ́ awọ màlúù líle, irú èyí tí iléeṣẹ́ Thor ń ṣe, ló gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbà náà ń le sí i bí a bá ṣe ń lù ú tó, àfi kí a tún fi iná yan án títí yóò fi pọ́n kó tó rọ̀ padà. Èyí tó burú jù lọ wọ́pọ̀ sí gbogbo wọn: bí ọwọ́ bá ṣì í, wáyà tàbí ọ̀dà ara ọkọ̀ ni yóò gbà á.

Òfin ló kọ́kọ́ fi hàn pé apá nọ́ọ̀tì kò pọn dandan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1968, Amẹ́ríkà fòfin de nọ́ọ̀tì tí apá rẹ̀ yọ síta lára ọkọ̀ tuntun, torí ó lè ṣe ẹlẹ́sẹ̀ léṣe. MG àti Triumph wá ń lo nọ́ọ̀tì onígun mẹ́jọ, wọ́n sì ṣe sípánà tó bá a mu. Wíìlì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ máa yọ dànù. Fún nọ́ọ̀tì alápá, àwọn tó ní ọkọ̀ ń gé pátákó líle ní àwòrán nọ́ọ̀tì náà gẹ́lẹ́, wọ́n á de igi gígùn mọ́ ọn, wọ́n á gbé e wọ orí nọ́ọ̀tì, wọ́n á sì fi ọwọ́ tì í. Igi kò lè họ kírómù, kò sì lè ṣì lu ohun tí a kò rán an.

Àtakò tó lágbára jù ni pé Jaguar àti MG fúnra wọn fi òòlù sínú àpò irinṣẹ́ tó ń bá ọkọ̀ wá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó lè wọ inú búùtù ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohun tó dára jù fún ilé. Àwọn mìíràn ní agbára ọwọ́ lásán kò lè dè é tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: Porsche ní kí wọ́n fi agbára nyútìn-mítà 600 de nọ́ọ̀tì àárín wíìlì ọkọ̀ GT3 rẹ̀ ti ìran 991, sípánà gígùn ni wọ́n sì ń lò. Ẹni tó wọn kílò 60, tó gbé gbogbo ara lé orí ọ̀pá gígùn mítà kan, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò tilẹ̀ béèrè tó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀pá, ènìyàn lè lo ìwọ̀n kan náà lórí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló lè wọn agbára tó wà nínú ìlù òòlù? Ibi kan tí mo gbà fún òòlù ni nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà mọ́ họ́ọ̀bù, torí ìgbọ̀nrìrì ló ń já ìpẹtà.

Bí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, ẹ fi gírísì ra eyín, tírẹ́ẹ̀dì àti ojú dídà gẹ̀rẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì yí nọ́ọ̀tì títí wíìlì yóò fi jókòó sí àárín. Ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, kó má baà máa yí, kí ẹ tó fi ọ̀pá parí iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin máìlì díẹ̀, ẹ tún un dè lẹ́ẹ̀kan sí i.