Bí agbára oòrùn ṣe ń ti ara koríko dé ẹnu ẹkùn nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn

Ní oṣù kẹsàn-án, koríko máa ń ga ju èèyàn lọ lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Tó bá fi máa di oṣù kejì, iná á ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀ kanlẹ̀. Koríko yìí ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ọ̀dàn náà, yálà wọ́n ń jẹ ewé tàbí wọn ò jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ oòrùn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí èèyàn àti ẹranko ń mí síta ṣe oúnjẹ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rí lò kì í sábà ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ẹranko kankan ò sì lè jẹ oòrùn: àfi kó jẹ ewé, tàbí kó jẹ ohun tó jẹ ewé.

Ọ̀yà, ẹtu, àgbọ̀nrín àti màlúù ló ń jẹ ewé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí màlúù bá jẹ ló ń di ẹran sí i lára. Òmíràn ń bá ìgbẹ́ jáde, èyí tó pọ̀ sì ń di ooru ara àti okun ìrìn. Ní 1942, Raymond Lindeman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí agbára ṣe ń dín kù bẹ́ẹ̀ láti ìpele kan sí òmíràn. Ìṣirò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé ni ìdá 10 nínú 100. Bí agbára inú koríko bá jẹ́ 10,000, nǹkan bí 1,000 ló máa dé ara ẹtu, 100 péré ló sì máa kan ẹkùn tó pa ẹtu jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹkùn ò fi lè pọ̀ tó ọ̀yà láéláé, ká tiẹ̀ yọ ti ìbọn ọdẹ kúrò. Ìdí nìyẹn náà tí ẹranko apẹranjẹ fi nílò ilẹ̀ gbalasa bíi ti Old Oyo National Park, tó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó.

Ẹni tí ikán ti jẹ òrùlé rẹ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ikán wúlò. Òun ló ń jẹ koríko tó ti kú, tí adìẹ, awó àti alángbá náà sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi fìtílà mú èsunsun lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, koríko gbígbẹ ló ń jẹ lọ́nà ẹ̀bùrú.

Iná ò ní sùúrù ikán. Ohun tí koríko fi oṣù mẹ́fà kó jọ, wákàtí kan ni iná fi ń sọ ọ́ di ooru tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, láìjẹ́ pé ẹnu kankan kàn án. Lóòótọ́, ewé tútù máa ń hù lẹ́yìn rẹ̀, màlúù sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ inú gbòǹgbò ni agbára tó fi hù ti wá.

Àsìkò tí iná jó tún ṣe pàtàkì. Ní 1929, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nínú igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí iná kàn di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń jó lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbà á, igi ibẹ̀ ò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín méjèèjì, torí pé koríko ṣì ní omi lára nígbà náà, iná náà ò sì lágbára tó láti pa ọmọ igi èmi àti igbá.