Kámẹ́rà Olójú Méjì àti Fíìmù Rẹ̀

Kámẹ́rà olójú méjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ojú òkè ni ayàwòrán fi ń wò, ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń fi àwòrán sí ara fíìmù. Ní ọdún 1929 ni ilé-iṣẹ́ Franke àti Heidecke ní Braunschweig, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé Rolleiflex jáde. Fíìmù 117 ni ó ń lò, àwòrán 6 péré ni ó sì ń yà. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1932 gba fíìmù 120, ó sì ń ya 12. Ní 1946, Kodak ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe Kodak Reflex fún fíìmù 620.

Fíìmù 120 àti 620, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kẹ̀kẹ́ tí a ká wọn mọ́ ni ó yàtọ̀, nítorí ti 620 tín-ín-rín jù. Kodak dáwọ́ 117 dúró ní 1949, àti 620 ní 1995; ṣùgbọ́n 120, tí ó ti wà láti 1901, kò tíì parun.

Nítorí náà, bí bàbá wa bá fi kámẹ́rà 620 sílẹ̀ fún wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ kẹ̀kẹ́ òfìfo inú rẹ̀ nù. Nínú òkùnkùn biribiri, a lè tú fíìmù 120 ká mọ́ ọn, kámẹ́rà yóò sì tún ríran. Ẹni tí ó bá jù ú nù, odidi kámẹ́rà ni ó sọ di afọ́jú.