Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn Láàfin Àwọn Ẹmíà

Ẹni tó bá gun òkè Adó-Àwáyè dé ibi adágún Ìyàkẹ́ yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi fi orí àpáta ṣe ilé láyé ogun. Òṣoògùn kò jìnnà sí ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn kan náà ni ìlú méjèèjì wà lónìí, ṣùgbọ́n ọgbà tí wọ́n ṣe yí ìlú ká ni Òṣoògùn gbẹ́kẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807, ọmọ tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rántí rẹ̀. Ìrìn àjò rẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí kò gba iyì tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa, ó sì yẹ kó gbà á, pàápàá lẹ́nu àwa ará Òkè-Ògùn, nítorí ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kún ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ogun yí Òṣoògùn ká. Nínú lẹ́tà tí Àjàyí kọ ní 1837, ó ní ènìyàn inú ìlú náà kò dín ní 12,000, wọ́n sì lè rí 3,000 ọkùnrin tó lè jagun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnubodè bíi mẹ́fà ni wọ́n ní láti ṣọ́, àwọn kan tó yẹ kó jà kò sì sí nílé. Ó sọ àwọn tó kógun wá láìfi bò: Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Fúlàní wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́. Wọ́n fi okùn de Àjàyí pẹ̀lú Afàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì kó wọn dé Ìṣẹ́yìn lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pín wọn, kí ọjọ́ náà sì tó lọ, wọ́n ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin.

Lẹ́yìn èyí ni obìnrin Mùsùlùmí kan rà á, tó ń mú un ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn lójú ọ̀nà ilẹ̀ Pópó. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Pọtogí mú kí ọmọ náà gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ọwọ́ àwọn Pọtogí náà ló padà bọ́ sí. Ní 7 oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tí Àjàyí wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone).

Ní Sàró, ó tún bá Mùsùlùmí pàdé. Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń gbé ní Fourah Bay àti Foulah Town. Àjàyí ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, iná ìgbàgbọ́ tuntun sì ń jó nínú rẹ̀. Ó ń bá wọn jiyàn lórí bóyá Ọlọ́run ní Ọmọ. Ìjiyàn náà kò so èso kankan yàtọ̀ sí ìbínú, ohun tó sì kọ́ nínú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi darúgbó.

Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orí Odò Ọya lọ ní 1841, ó tún bá Dókítà Baikie lọ ní 1854 nínú ọkọ̀ Pleiad, tí wọ́n fi gba odò Bẹ́núè dé ìlú àwọn Fúlàní. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring fọ́ sórí àpáta nítòsí Jẹ́bà, ìyẹn sì jẹ́ kí ó pẹ́ láàrin àwọn Tápà ju bó ti rò lọ. Àwọn ọba Tápà nígbà náà, Usman Zaki àti Masaba, gbà á lálejò, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ ní Ráábà. Kí á má tan ara wa: òwò ojú odò ni àwọn ọba wọ̀nyí ń wò, wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ̀ òyìnbó ló gbé àlejò wọn wá. Ibùdó Ráábà náà kò pẹ́. Ṣùgbọ́n òwò nìkan kò tó láti mú kí ọba jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àjèjì lẹ́nu ọmọ tí àwọn ẹlẹ́sìn ọba náà ti tà rí.

Ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti 1864 nígbà tó wọ Ìlọrin ní 1872. Ìlú tí Àfọ̀njá ti kọ̀yìn sí Aláàfin ni èyí, tí àwọn ọmọ Àlímì, ààfáà Fúlàní, sì sọ di ibùjókòó Ẹmíà. Ìjì tó ti ibẹ̀ jà wà lára ohun tó fọ́ ilé Àjàyí. Ẹmíà àti àwọn ààfáà rẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀, àwọn ìbéèrè tó jinlẹ̀. Àjàyí kò jiyàn. Ó ṣí Bíbélì Yorùbá, ó ka Lúùkù orí kìíní fún wọn, bí málàíkà ṣe wá sọ́dọ̀ Màríà, ìtàn tí àwọn náà mọ̀ nínú Àlùkùránì. Wọ́n bi í ní ohun tí ìwé rẹ̀ sọ nípa Ànábì Muhammad. Ó ní kò sọ nǹkan kan, nítorí ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn Jésù kí wọ́n tó bí i. Wọ́n bi í ní ìgbà tí ayé yóò parẹ́, ó sì ka ibi tí Jésù ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ náà. Èmi rí ọgbọ́n ńlá nínú èyí: kò bú Ànábì wọn, kò sì fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ pamọ́. Èdè kan náà tún ni òun àti wọn ń sọ. Kò nílò ògbufọ̀ tí yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù òyìnbó kan tí Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson ṣáájú dé Lọ́kọ́ja. Wọ́n wọ aṣọ bíi Haúsá kí wọ́n lè wọ inú àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n fojú tín-ínrín iṣẹ́ Crowther àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọdún náà sì ni ẹ̀sùn àti ìtìjú lé bàbá arúgbó náà kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ ìwàásù ní agbègbè Odò Ọya. Ó dun ẹni. Robinson kú ní 1891, Brooke kú ní 1892, iṣẹ́ wọn sì tú ká.

Crowther fúnra rẹ̀ kú ní Èkó ní 31 oṣù kejìlá 1891. Ìwé kékeré rẹ̀ lórí ìrírí rẹ̀ láàrin àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn Mùsùlùmí jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́ ní Sàró ló tún sọ níbẹ̀ fún àwọn oníwàásù: kí wọ́n fi ìjiyàn sílẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí Bíbélì àti Àlùkùránì ti pàdé, kí wọ́n sì jẹ́ kí Bíbélì fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.