Ilé-Ìwé Àtijọ́ àti Ibùgbé Àwọn Ènìyàn Wa

Ọ̀rọ̀ wa lọ́dún yìí dá lórí àwọn ilé tí àwọn baba wa ti kàwé, àti ohun tí ó yẹ kí a fi wọ́n ṣe nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ṣí lọ sí ilé titun.

Ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kúrú ní ẹkùn wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1843 ìjọ náà dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1845 ni C. A. Gollmer ti ìjọ C.M.S. kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ṣì dúró létí ọ̀sà di òní, kí àwọn míṣọ́nnárì lè rí ibi gbé. Ní Èkó, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1859, T. B. Macaulay kó ọmọ mẹ́fà jọ sínú ilé kékeré kan tí a ń pè ní Ilé Òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé Gírámà C.M.S. ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ilé lásán bá lè di ilé-ìwé, ilé-ìwé náà lè di ibùgbé.

Àwọn ẹlòmíràn ti dán an wò. Lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ ti 1870, a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé oníbíríkì sí Lọ́ńdọ̀nù. Púpọ̀ nínú wọn ti di ibùgbé, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni a ń ta ọ̀pọ̀ wọn. Tálákà kò rí ẹsẹ̀ gbé wọ̀ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1986 dín owó-orí kù fún ẹni tí ó bá pèsè ilé tí olówó kékeré lè yá. Òfin mìíràn sì ń dá ìdá kan nínú márùn-ún owó àtúnṣe ilé ìtàn padà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé púpọ̀ fi di ilé àwọn arúgbó àti òṣìṣẹ́. Ògiri kan náà ni, àdéhùn ni ó yàtọ̀.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹnu ibodè, owó ilé kò rọrùn fún olùkọ́ ọ̀dọ́. A kò sọ pé kí a lé ọmọ kankan kúrò ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ṣófo, kí a má wó o, kí a má sì tà á. Kí a pín yàrá rẹ̀, kí a gbẹ́ kànga, kí a kọ́ ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ́, kí a sì kọ iye owó ilé sínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí àkísà àwọn baba wa bo àwọn ọmọ wa.