Orin Blues ní Àríwá Ítálì: Láti Turin dé Sampierdarena

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ bí orin blues ṣe dé àríwá Ítálì kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní sójà Amẹ́ríkà ló kó o dé ní 1945. Àwọn kan ní atukọ̀ ni, ní èbúté Genova. Àwọn mìíràn sì gbé e fún àwo orin àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi Rolling Stones.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1935, Louis Armstrong ṣeré ní tíátà Chiarella ní Turin. Jazz ló gbé lọ, ṣùgbọ́n blues wà nínú jazz rẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Nítorí náà, sójà kọ́ ló kọ́kọ́ mú un dé, àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà sì kọ́. Sójà kàn ṣílẹ̀kùn fún un padà ni, torí nígbà tó yá, ìjọba Mussolini kò fẹ́ gbọ́ orin òkèèrè mọ́. Ti atukọ̀ kò la iyàn lọ: àwo orin a máa bá ọkọ̀ wọ èbúté. Síbẹ̀, láti 1945 títí di nǹkan bí 1970, jazz ló ṣíwájú blues.

Iyàn tó yẹ ká jókòó tì ni èyí: ta ló fìdí blues múlẹ̀, àlejò ni àbí onílé? Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn àlejò a máa tọ́ka sí àjọ̀dún Pistoia ní Tuscany, níbi tí B.B. King àti Muddy Waters ti ṣeré ní 1980. Àjọ̀dún ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1974 ni Fabio Treves, afunhaamónìkà ará Milan tí wọ́n ń pè ní Puma ti Lambrate, ti dá Treves Blues Band sílẹ̀. Ní 1988, òun àti Frank Zappa jọ ṣeré lórí ìtàgé kan náà. Ní Genova, Paolo Bonfanti, onígìtá tí wọ́n bí ní 1960, wà nínú ẹgbẹ́ Big Fat Mama kó tó dá dúró. Àlejò á ṣeré lálẹ́ ọjọ́ kan, á bá tirẹ̀ lọ. Onílé ló ń gbé gìtá padà sílé ọtí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Onílé ló ni ín. Ẹni tó ṣì ń bi wá bóyá ará Ítálì lè kọ blues, kó lọ gbọ́ wọn.

Ní Genova yìí kan náà ni Sampierdarena wà; ó dá dúró bí ìlú kó tó di ara Genova ní 1926. Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni, níbi tí ilé iṣẹ́ Ansaldo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1853. Tíátà Modena sì ti wà níbẹ̀ láti 1857. Orin tó ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wá, bíi blues, kò ṣàjèjì níbẹ̀.

Àwọn onílé náà kò sì kúrò lórí ìtàgé: ní 2016, Treves Blues Band wà lára àwọn tó ṣíde fún Bruce Springsteen ní Rome.