Ojú Ibi Tí Okùn Ti Ń Gbó: Ìtàn Okùn Ìfàgbòkun Nínú Ọkọ̀ Kékeré

Ìtàn okùn ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń jẹ́ ìtàn agbára: okùn kan lágbára, èyí tó tẹ̀ lé e lágbára jù ú lọ. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàlàyé bí okùn ìfàgbòkun, èyíinì ni okùn tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun gun òpó ọkọ̀, ṣe ń já. Okùn yìí kì í gbó káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan ni ó ti ń gbó, ibi tí ó ti tẹ̀ kọjá lórí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà ní ṣóńṣó òpó. Bí ó bá já lójú òkun, ìgbòkun yóò wó lulẹ̀, ẹnì kan yóò sì ní láti gun òpó tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ní Yúróòpù àtijọ́, hẹ́mpù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ewéko kan náà tí àwọn Yorùbá ń pè ní igbó ni, àmọ́ fọ́nrán ara igi rẹ̀ ni àwọn alókùn ń wá, kì í ṣe ewé. Láti Rọ́ṣíà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń dé Chatham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń lọ́ okùn láti 1618, nínú ilé tó wá gùn ju 300 mítà lọ. Bí òjò bá pa hẹ́mpù, a máa sún kì. Atukọ̀ ní láti tètè dẹ̀ ẹ́. Inú ni ó sì ti ń jẹrà, nítorí náà wọn a máa tú ìlọ́ rẹ̀ díẹ̀ láti wo inú. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé wọ́n ń ṣí ojú gbígbó nípò. Wọn a gé díẹ̀ kúrò lórí okùn kí ibòmíràn lè bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tó bá yá, wọn a yí i padà, orí a di ìdí.

Ní ọ̀rúndún 20, wáyà onírin wọ inú ọkọ̀ kékeré. Wáyà kì í fà bí hẹ́mpù, ìgbòkun sì ń dúró gbọn-in. Àmọ́ apá kan ni wáyà, apá kejì jẹ́ okùn tí ọwọ́ lè dì mú, a sì hun méjèèjì pọ̀. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yí padà. Ojú kan náà ni yóò máa jìyà títí tí àwọn irin tíńtín inú rẹ̀ yóò fi já, tí wọn yóò máa gún atukọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Àwọn tó pe wáyà ní ìlọsíwájú kò ka àdánù yìí sí.

Pọ́líẹ́sítà, tí Whinfield àti Dickson ṣàwárí ní Manchester ní 1941, ni ó dá àṣà yíyí okùn padà. Nílọ́ọ̀nù ti ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà jù fún iṣẹ́ yìí. Dyneema tó dé lẹ́yìn náà láti Netherlands kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà rárá. Síbẹ̀ ó ń yọ̀ débi pé ìta lè tú lára rẹ̀, híhun ló sì yẹ ẹ́.

Lóde òní, inú òpó alumíníọ́mù tó ní ihò ni okùn ń gbà. Láti pààrọ̀ rẹ̀, wọn a gán ìdí okùn àtijọ́ mọ́ orí tuntun, láìta á, kí ó má baà há sórí kẹ̀kẹ́, wọn a sì rọra fà á kọjá. Bí ojú rírán náà bá já nínú òpó, ẹni tí yóò gùn ún kò ní ṣàìsí. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a fi okùn tín-ín-rín dípò rẹ̀, wọn a fọ iyọ̀ kúrò lára okùn gan-an, wọn a sì yẹ ojú tó ń bá kẹ̀kẹ́ pàdé wò.